Onígẹdú fẹ́ gé gbogbo tíìkì bàbá wa lẹ́ẹ̀kan náà

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá wa gbin tíìkì sí éékà 3 nítòsí Igbó-Ọrà kí wọ́n tó ṣaláìsí, apá kan rẹ̀ kan odò. Igi ọ̀hún ti pé ọdún 9. Onígẹdú kan ní òun máa san owó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí òun gé e tán pátá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Bàbá Onítíìkì:
Ọmọ mi, ẹ má tíì gbowó ọkùnrin yẹn. Tíìkì ọdún 9, ara funfun ló pọ̀ nínú ẹ̀. Inú igi tó pọ́n rúsúrúsú, tí ikán kì í fẹ́ jẹ, ibẹ̀ lowó wà, kò sì tíì nípọn.

Dídín ló yẹ kẹ́ ẹ dín in kù báyìí. Bí bàbá yín bá fi mítà 3 sí àárín igi kan sí èkejì lọ́nà méjèèjì, ó ń lọ sí 1,100 igi lórí hẹ́kítà kan. Orí wọn á ti wọnú ara wọn, wọn ò ní lè sanra mọ́. Ẹ gbé ọ̀dà, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín sàmì sí èyí tó wọ́, èyí tó pín sí méjì láti ìsàlẹ̀, àti èyí táwọn yòókù ti bò mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ tà fún òpó àti igi ìkọ́lé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí onígẹdú bá yín yàn án. Èyí tó tọ́ jù, tó sanra jù, ni yóò kó lọ.

Tetí odò, ẹ fi sílẹ̀. Ewé tíìkì fẹ̀, ẹ̀kán òjò tó ń já bọ́ lára rẹ̀ wúwo. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, gbogbo yẹ̀pẹ̀ á wọ́ lọ sínú omi.

Àdùkẹ́ Alágbẹ̀:
Ẹ dé ọ́fíìsì ìgbó ti ìpínlẹ̀ kí ẹ̀rọ agégi tó dún. Igi tiyín ni lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ tó bá kó o láìní ìwé lè há sọ́wọ́ aṣọ́gbó. Ẹ tún ro etí oko kí ọyẹ́ tó dé, torí ewé tó wọ́ sílẹ̀ yẹn, iná ń wá a.

Ọmọ Ìbàràpá:
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá, ṣé èyí tá a bá gé á tún hù?

Bàbá Onítíìkì:
Á hù dáadáa níbi tí oòrùn bá ti kàn án. Ẹ gé e súnmọ́lẹ̀, kójú kùkùté dà síbì kan kómi má dúró lórí ẹ̀. Tí ọ̀mùnú bá yọ, ẹ fi ẹyọ kan tó lágbára sílẹ̀. Ní tàwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ mú wọn dé oko, kẹ́ ẹ gé ọ̀kan lójú wọn kí wọ́n fúnra wọn rí bí inú ẹ̀ ṣe kéré tó.