LED tuntun lórí Boxer BM 100: ó ń ṣẹ́jú ní sílóò, iná fúùlù kò sì kú tán

Alupupu_Ede

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Boxer BM 100 ni ọ̀kadà yìí. Mo yọ gílóòbù 35/35W tó bá a wá, mo fi LED ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní fáànù lẹ́yìn sí i. Láti ìgbà náà:

– Ní sílóò (tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì fa tọ́rótù), iná ń ṣẹ́jú ṣáá. Bí mo bá fa tọ́rótù díẹ̀, ó dúró.
– Iná búlúù kékeré tó ń fi fúùlù hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn bàìbàì, kódà bó bá wà ní dímù.
– LED àkọ́kọ́ kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn.
– Àwọn tó ń bọ̀ níwájú ń fi iná tiwọn bú mi.

Họ́ọ̀nù ń dún ketekete, kì í sì í fa iná iwájú sílẹ̀ bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ta pááàtì ní kí n wá ra èyí tí wọ́n kọ 200W sí lára páálí. Ṣé kí n rà á, àbí kí n dá gílóòbù àtijọ́ padà?

Rewaya_Molete

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ibi tí iná ti ń wá bá gílóòbù yẹn ni ká kọ́kọ́ wò.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má sítáàtì rẹ̀, ẹ wá tan iná iwájú. Bí kò bá tàn àfi ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé kì í jẹun lára bátìrì rárá, ara kọ́ìlì inú màgínẹ́ẹ̀tì (ẹ̀rọ tó ń ṣe iná lára ẹ́ńjìnnì) ló ti ń gbà á tààrà. Ọ̀rọ̀ họ́ọ̀nù tí ẹ sọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú u fó: bátìrì ni họ́ọ̀nù ń lò, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà, ìkan yóò mọ̀ nígbà tí èkejì bá bu òkèlè ńlá.

Iná tó ń ti ara kọ́ìlì bọ̀ kì í ṣàn síbì kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Òun là ń pè ní AC. Gílóòbù onírin wẹ́rẹ́ kò bìkítà, nítorí irin inú rẹ̀ ti pọ́n, kò ráyè tutù láàárín ìlọ àti àbọ̀. LED kò ní ooru kankan tó fi pamọ́. Bí iná bá já, ó kú lójú ẹsẹ̀; bí iná bá dé, ó jí. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń gbà, ìdajì tó bá wọlé sódì kò wúlò fún un. Bí ẹ bá fa tọ́rótù, màgínẹ́ẹ̀tì yára, ṣíṣẹ́jú náà yára ju ohun tí ojú lè kà lọ. Kò tíì lọ o, ojú yín ni kò rí i mọ́.

Ìdajì tó ń wọlé sódì yẹn ló tún ń pa LED olówó kékeré, torí ọ̀pọ̀ wọn kò ní dáyóòdù kankan (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ẹ̀gbẹ́ kan nìkan) lẹ́nu ọ̀nà tó máa dá a dúró.

Ẹ gbé mítà kí ẹ wọn nǹkan mẹ́rin fún wa. Ọ̀kan, lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì iná iwájú: ẹ wọn DC (iná tó ń ṣàn síbì kan, bíi ti bátìrì), kí ẹ yí i sí AC, kí ẹ tún un wọ̀n, tọ́rótù ní agbedeméjì. Èkejì, bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú àti nígbà tó wà ní agbedeméjì. Ẹ̀kẹta, iná ẹ tàn, ẹ fi wáyà pupa mítà sí ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì (ibi tí iná ń gbà padà sí bọ́dì), dúdú sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì. Kò gbọ́dọ̀ ju 0.2V lọ. Ẹ̀kẹrin, ẹ fún LED níná láti ara bátìrì lọ́tọ̀, mítà lójú 10A, kí ẹ rí iye tó ń fà gan-an.

Baba_Sipana

Kí ló dé tí ẹ fi ń pẹ́ níbẹ̀? Ẹ ra bridge rectifier KBPC3510 kan àti capacitor 4700µF 35V, ẹ fi wọ́n sáàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti LED. AC wọlé, DC jáde. Ó tán.

Rewaya_Molete

Baba, kò tán o. Orí kan kọ́ìlì yẹn ti wà lára bọ́dì láti inú màgínẹ́ẹ̀tì. LED náà, ara irin rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ó sì lè kan ife iná, kí ife iná kan bọ́dì. Bí nẹ́gẹ́tíìfù bridge bá fi bẹ́ẹ̀ pàdé bọ́dì, gbogbo ìgbà tí iná bá yí sódì ni kọ́ìlì máa rí ọ̀nà àbùjá gba inú dáyóòdù kan padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bridge á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní gbà á, kọ́ìlì á máa jóná díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ya LED kúrò lára bọ́dì pátápátá, ìyẹn kò sì rọrùn nínú ife iná onírin.

Baba_Sipana

Òótọ́ ni. Mo gbà. Lórí èyí tí ife rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tí wáyà ẹ́ẹ̀tì sì dá dúró, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wọn LED sí bọ́dì kí ẹ tó dán an wò.

Alupupu_Ede

Mo ti wọ̀n ọ́n.

Iná kò tàn láìsítáàtì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì: DC ń fò sókè sódò láàárín 1V sí 2V, AC 11.6V. Bátìrì: 12.5V lókùú, 13.9V ní agbedeméjì. Ẹ́ẹ̀tì: 0.9V. LED: 1.4A ní fúùlù.

Rewaya_Molete

Gbogbo rẹ̀ ti hàn. 1.4A lójú 12.5V, nǹkan bíi 17W nìyẹn, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí. 200W tòótọ́ á fa ju 15A lọ. Wáyà ọ̀kadà yín á yọ́ kó tó tàn dé títì. Ẹ fi owó yín sápò.

Ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. 0.9V ti pọ̀ jù, òun sì ni iná búlúù yẹn. Nígbà tí LED kò rí ẹ́ẹ̀tì tó dára, iná dímù tó wọ inú rẹ̀ á wá ọ̀nà mìíràn jáde. Á gba ẹsẹ̀ fúùlù padà sẹ́yìn, á gba inú gílóòbù búlúù kọjá lọ sílẹ̀. Ẹ fa wáyà tuntun 1.5mm² láti ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sí bóòtì tó di férémù mú, ẹ fi yanrìn pépà ha ọ̀dà ibẹ̀ títí irin á fi dán. Ẹ ha abẹ́ rectifier (àpótí tó ń sọ AC di DC fún bátìrì) náà, bóòtì rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí búlúù bá ṣì ń tàn lẹ́yìn èyí, ẹ fi dáyóòdù 1N5408 kan sára wáyà fúùlù, lẹ́yìn ibi tí wáyà búlúù ti yà, kí ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà kọjú sí LED.

Lẹ́yìn náà ni kí a wá kó iná iwájú sórí bátìrì. Ẹ ṣí ife iná, inú ibẹ̀ ni wọ́n ká wáyà jọ sí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Rewáyà mẹ́ta ti lè ṣe é kọjá kí ọ̀kadà tó dé ọwọ́ yín. Ẹ pa súìṣì iná, ẹ sítáàtì, kí ẹ fi mítà lójú AC wá wáyà tó ń wọ súìṣì iná tó sì ní iná lára. Òun ló ń ti kọ́ìlì bọ̀. Ẹ tú u níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ẹ wé ẹnu rẹ̀ dáadáa kó má kan bọ́dì.

Relay ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, 12V (súìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá):

30: láti pọ́sítíìfù bátìrì, fíúsì 5A láàárín, kí fíúsì má jìnnà ju 15cm sí bátìrì.
87: sí ẹnu súìṣì iná, níbi tí ẹ ti tú wáyà AC kúrò.
86: láti ara wáyà tó ń ní 12V DC nìkan nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣí, ti súìṣì bíréèkì dára.
85: sí bọ́dì.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣì í ni 86. Wọ́n á mú wáyà iná iwájú àtijọ́ lò fún un, relay á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké "kẹ-kẹ-kẹ-kẹ", torí AC ló ń gbà. Ẹnu rẹ̀ á jóná láìpẹ́ ọjọ́.

Ẹ rántí pé iná ẹ̀yìn àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀lé iná iwájú gba súìṣì kan náà, àwọn náà á bọ́ sórí bátìrì. LED 1.4A, ẹ̀yìn 5W tó jẹ́ 0.4A, dáṣíbọ́ọ̀dù bíi 0.3A, relay fúnra rẹ̀ bíi 0.15A: ó lé ní 2A. Bátìrì 5Ah kò lè gbé ìyẹn tẹnu tẹnu nínú gosílóò. Nítorí náà, bí ẹ bá so ó tán, ẹ tan fúùlù, tọ́rótù ní agbedeméjì, ẹ wọn bátìrì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. 13.2V sókè, ẹ máa lọ. Bó bá kéré síyẹn, ẹ padà wá.

Ina_Ale

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bú u kò sí nínú gbogbo ìyẹn, ohun tó sì lè pa èèyàn nìyẹn.

Nínú gílóòbù àtijọ́, irin dímù ní ife kékeré kan lábẹ́, kí iná lè kan apá òkè ife ńlá nìkan, kó sì dà sílẹ̀ sójú títì. LED dáadáa náà ní irú ife bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá yí díẹ̀, tí ọ̀kan wo òkè, tí èkejì wo ilẹ̀, iná á dà sójú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ tú òrùka ọrùn rẹ̀, ẹ yí i bọ̀ sípò. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì ha etí rẹ̀ kó lè wọlé (ẹsẹ̀ gílóòbù H4 àti HS1, tó jẹ́ ti ọ̀kadà yìí, jọra, etí wọn ni kò bára mu), kò ní jókòó síbi tó yẹ láé. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀ fún HS1.

Ẹ wá wò ó lára ògiri. Fún táyà ní gáàsì tó péye, kí ẹnì kan jókòó lé e, kí iná jìnnà sí ògiri ní mítà 5. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gíga kan náà lára ògiri. Orí iná dímù gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 5cm sísàlẹ̀ àmì yẹn. Ẹ tú bóòtì ẹ̀gbẹ́ ife iná méjèèjì kí ẹ fi darí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìlà kankan tí iná fi dá dúró, tó kàn fọ́n káàkiri ògiri, kò sí àtúnṣe fún irú LED bẹ́ẹ̀, ẹ ju ú nù.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ náà. 6500K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná) funfun bí ẹfun, ṣùgbọ́n nínú òjò àti eruku ọyẹ́ ó máa ń padà sójú ẹni tó ń wà á. 4300K rọjú jù.

Ẹ má sì fi rọ́bà bo fáànù ẹ̀yìn LED pa. Ooru ni ìdí kejì tí wọ́n fi ń kú. Bí rọ́bà kò bá gbà á, ẹ lu ihò sí i lápá ìsàlẹ̀, kí omi má bàa gba òkè wọlé.

Alupupu_Ede

Mo ti so ó. Kò ṣẹ́jú mọ́ rárá, ẹ́ẹ̀tì ti di 0.05V, búlúù ti kú. LED ọ̀hún ti yí lóòótọ́, mo ti dá a padà sípò. Àmọ́ bátìrì kà 12.8V pẹ̀lú fúùlù.

Rewaya_Molete

Ó ń jẹ ju ohun tó ń wọlé lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi LED rọ́pò ti ẹ̀yìn àti dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ tún un wọ̀n; ìyẹn lè dá bíi 0.5A padà fún yín láì ṣí ẹ́ńjìnnì.

Bí kò bá tó, ìdajì iná kọ́ìlì nìkan ló ń wọ bátìrì, ẹ jẹ́ ká gba gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí màgínẹ́ẹ̀tì (ẹ ní gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́). Ẹ wá orí kọ́ìlì iná tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ fi wáyà tó gba ooru fà á jáde. Orí méjèèjì á wá lọ sí ẹnu AC méjì rectifier full wave. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́. Kí ẹ tó dé e padà, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n: láti orí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sí bọ́dì kò gbọ́dọ̀ sí ìsopọ̀ kankan. Bó bá ṣì wà, rectifier tuntun á jóná bí bridge Baba_Sipana ì bá ti jóná.

Kọ́ìlì kékeré tó ń lọ sí CDI (àpótí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná), bí tiyín bá ní in, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ sì má sítáàtì láì so bátìrì mọ́ ọn láti dán an wò.