Kí ló dé tí òyìnbó ò fi ọwọ́ kan náà mú Haúsá, Yorùbá àti Igbo?

Ọmọ Òkun, Kubwa
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ọba wa ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣèjọba káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá wo Kánò, Ìbàdàn àti Aba, ohun tó ṣẹlẹ̀ ò jọra rárá. Kí ló fà á? Ẹ bá mi tú u palẹ̀, pàápàá ní ti owó orí, torí ó dà bíi pé ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Báwo sì ni Ìlọrin àti àwa ará Kabba ṣe bọ́ sí Àríwá?

Alàgbà, Sábọ́n Gàrí, Kánò
Àbúrò, ìdí owó orí gan-an ló yẹ ká ti gbé e. Òyìnbó tí wọ́n rán wá ò pọ̀, owó tí wọ́n fún wọn ò tó, nítorí náà ẹni tó ti mọ ọ̀nà à ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú ni wọ́n ń wá. Ní ilẹ̀ Sókótó, wọ́n bá gbogbo rẹ̀ nílẹ̀: ẹ́míà, hakimi tó jẹ́ olórí àgbègbè, dagaci tó jẹ́ olórí abúlé, alkali tó ń dá ẹjọ́, haraji tó jẹ́ owó orí, àti jangali tí wọ́n ń gbà lórí màlúù.

Àmọ́ ogun ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n gba Kánò ní oṣù kejì 1903, wọ́n gba Sókótó ní oṣù kẹta, Sultan Attahiru sì kú sójú ìjà ní Burmi ní oṣù keje. Wọ́n yọ Ẹ́míà Aliyu ti Kánò, wọ́n gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja, wọ́n fi Abbas jẹ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ́míà tó lè jẹ tí Resident, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ò bá fọwọ́ sí i.

Wọ́n tún ètò owó orí tò. Tẹ́lẹ̀, inú Kánò ni hakimi ń gbé, abúlé tó ń ṣàkóso wà káàkiri, jakada ló ń rán lọ gba owó. Jakada á gba ti ọ̀gá, á gba ti ara rẹ̀ lé e. Òyìnbó ní kí hakimi lọ máa gbé àgbègbè rẹ̀, wọ́n kó abúlé tó fọ́nká sójú kan, wọ́n sì fòpin sí iṣẹ́ jakada. Dagaci á gbowó fún hakimi, hakimi á kó o fún ẹ́míà, ìjọba á mú ìpín tirẹ̀, ìyókù á wọ baitulmali, àpò owó ìlú. Láti inú baitulmali yẹn ni wọ́n ti ń san owó oṣù fún ẹ́míà fúnra rẹ̀, fún alkali àti dogarai, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ́míà. Ẹ́míà ti di òṣìṣẹ́ ìjọba nìyẹn, bí kàkàkí tilẹ̀ ṣì ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Lugard, òyìnbó tó ṣe olórí ìjọba Àríwá, ṣèlérí pé òun ò ní yọ ẹ̀sìn Islam lẹ́nu. Èyí ni wọ́n fi dí àwọn míṣọ́nnárì àti ilé ìwé wọn lọ́nà láwọn ìlú ẹ́míà. Nígbà tí rélùwéè wá nílò akọ̀wé, àwọn tó kàwé láti Gúúsù ló wá ṣe é, wọ́n sì la Sábọ́n Gàrí fún wọn lẹ́yìn odi ìlú.

Ìyá Igbómìnà, Kàdúná
Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ilẹ̀ Yorùbá ò bọ́ sọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n gbà á pátá ní 1861. Ogun ni wọ́n fi ṣẹ́ Ìjẹ̀bú ní 1892. Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1893, wọ́n sì ń ṣèjọba ara wọn títí di 1914.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe sí oyè wa. Aláàfin kì í dá ìlú ṣe, Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà, wà níbẹ̀ tí wọ́n lè ní kó ṣígbá wò, ìyẹn pé kó lọ kú. Captain Ross, Resident Ọ̀yọ́, fẹ́ kí Aláàfin rí bí ẹ́míà. Ó fi Ìbàdàn sábẹ́ rẹ̀, Ìbàdàn tó jẹ́ pé látayé ogun, orúkọ lásán ló fi ń sin Ọ̀yọ́. Ẹni tó lè sọ fún ọba pé ó tó gẹ́ẹ́ ò lágbára mọ́. Èyí wà nínú ohun tó bí ọ̀tẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò ní 1916. Ní 1918, wọ́n gbé owó orí dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá; Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀, àwọn èèyàn hú irin rélùwéè, wọ́n sì pa Ọṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọ̀nà. 1934 ni Ìbàdàn tó bọ́ lábẹ́ Ọ̀yọ́.

Ní ti Ìlọrin àti Kabba: Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, ló kó ọmọ ogun gba Kabba kọjá ní 1897, kó tó ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ ìlú Òkun ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Núpé, Ìlọrin sì ní ẹ́míà. Nígbà tí wọ́n dá Àríwá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ọ̀hún ni wọ́n kó wọn sí. Ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá wọn padà sí Ìwọ̀-Oòrùn dé iwájú Ìgbìmọ̀ Willink, tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kékeré, ní 1958, ààlà náà ò yẹ̀.

Olùkọ́, Jọ́s
Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ti Igbo. Yàtọ̀ sí irú Onitsha tó ní ọba tí wọ́n ń pè ní Obi, àpérò àgbà àti ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ló ń tún ìlú ṣe. Òyìnbó wá ọba títí, kò rí, ló bá fún ẹni tó wù ú ní ìwé àṣẹ. Oníwèé àṣẹ yìí ló ń dá ẹjọ́, òun ló ń kó èèyàn lọ la ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni nílé tó lè bi í. Ní 1928, owó orí ọkùnrin bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1929, Mark Emereuwa, tí olóyè Oloko rán pé kó ka èèyàn àti ẹran ọ̀sìn, bá Nwanyeruwa níbi tó ti ń fún epo, ó ní kó ka ewúrẹ́, àgùntàn àti èèyàn ilé rẹ̀. Obìnrin náà bi í pé ṣé wọ́n ka ìyá tirẹ̀ ni. Àwọn obìnrin dìde láti ìlú dé ìlú, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́, ọmọ ogun sì yìnbọn pa lé ní àádọ́ta nínú wọn.

Ọmọ Òkun, Kubwa
Ẹ ṣé gan-an. Haúsá tó wà lọ́dọ̀ Faransé ní Niger ńkọ́? Ẹ̀yà kan náà ṣáà ni.

Alàgbà, Sábọ́n Gàrí, Kánò
Ẹ̀yà kan náà ni, àmọ́ ọwọ́ Faransé le fún oyè. Ọmọ ogun Voulet àti Chanoine, ọ̀gá ogun Faransé méjì, pa Birni N'Konni run ní 1899. Ní 1906, wọ́n rọ Sultan Damagaram lóyè ní Zinder. Kọmándà Faransé fúnra rẹ̀ ló ń ṣèjọba. Ó lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e délé ẹjọ́, iṣẹ́ túláàsì sì wà nílẹ̀ títí di 1946. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó lé àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n wà lábẹ́ Faransé ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, sọdá sí ọ̀dọ̀ wa.

Má fi ìyẹn yin Gẹ̀ẹ́sì o. Láti 1942, nígbà ogun Hitler, wọ́n fi túláàsì kó bí ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn lọ wa tánńganran ní Jọ́s. Ẹ́míà àti olóyè ni wọ́n bù ú lé pé kí wọ́n mú iye báyìí wá, ọwọ́ hakimi àti dagaci tó ń gba haraji náà ni wọ́n sì fi kó wọn jọ.