Alùpùpù orí ẹrẹ̀ mi kì í tètè sitáàtì, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ń dúdú ṣáá

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Alùpùpù two-stroke 125cc (èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀) ni mo ń gùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú mi. Tó bá ti tutù, màá tẹ kíìkì títí òógùn á fi bò mí kó tó dún. Bí mo bá ki púlọ́ọ̀gì tuntun bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ kan péré, ó ti dáhùn. Kò ní pẹ́, á tún padà sí ìwà rẹ̀. Tí mo bá tú púlọ́ọ̀gì náà, màá bá a ní dúdú kirimú, ẹnu rẹ̀ á tutù rinrin. 32:1 ni mo ń po epo, ìyẹn pẹtiróòlù ìwọ̀n 32 sí ọ́ìlì ìwọ̀n kan, bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Ẹnì kan ní kí n dín ọ́ìlì kù sí 50:1, àyà mi ò sì gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì: Àbúrò, má dín in kù o! Ọ́ìlì inú epo yẹn ló ń jẹ́ kí pisítìn máa yọ̀, òun náà ni bẹ́árìn ń mu. 32:1 túmọ̀ sí nǹkan bíi mílílítà 31 ọ́ìlì nínú lítà pẹtiróòlù kan, kò pọ̀ jù rárá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ọ́ìlì bá dín kù, pẹtiróòlù tó ń gba ojú jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré inú kábúrétọ̀, kọjá á pọ̀ sí i. Ohun tí ò ń sá fún gan-an lo tún ń fọwọ́ ara rẹ pè.

Kọ́kọ́ bá mi wo púlọ́ọ̀gì náà dáadáa. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú dúdú gbígbẹ, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Tó bá tutù, fi ìka kàn án, kí o gbọ́ òórùn rẹ̀. Pẹtiróòlù á gbẹ lọ́wọ́ rẹ kíá. Ọ́ìlì ò ní gbẹ, á máa yọ̀. Èyí tó dára máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni.

Ọmọ Orí Ẹrẹ̀: Ẹ jẹ́ kó kàn pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì sí èyí tó gbóná jù ú lọ. Tó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì ilé-iṣẹ́ NGK, nọ́ńbà 9, ló wà níbẹ̀, kó fi 8 sí i. Ní ti NGK, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni púlọ́ọ̀gì ń gbóná sí i. Á jó gbogbo èérí yẹn dànù.

Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì: Àbúrò mi, mi ò fara mọ́ ọn. Bí ìwé bá ní 9, kí 9 wà níbẹ̀. Èyí tó gbóná á jó èérí lóòótọ́, àrùn á sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá wá fúná mọ́ ọn lójú ọ̀nà gbọọrọ, ó lè yọ́ orí pisítìn.

Olùbéèrè, wo ṣóòkì, ṣé ó ń padà sílé pátápátá? Wo asẹ́ afẹ́fẹ́, ṣé ọ́ìlì tó o fi pa á kò pọ̀ débi tó fi ń kán? Lẹ́yìn náà, tú abẹ́ kábúrétọ̀, yọ abẹ́rẹ́ float (èyí tó ń dí ẹnu ọ̀nà epo bí kábúrétọ̀ bá ti kún), gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Tó o bá rí ìlà tó yí i po níbi tó ti ń jókòó, ó ti jẹ nìyẹn. Bí kọ́ọ̀kì epo bá wà ní ṣíṣí lóru, epo á máa jò wọlé títí á fi kún ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe máa ń le láti sitáàtì láàárọ̀ nìyẹn.

Skrúù afẹ́fẹ́ ara kábúrétọ̀ náà ńkọ́? Yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi jókòó, má fún un pa, kó o wá yí i jáde ní ìyípo kan àtààbọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán, tó jẹ́ pé ó dìgbà tó o bá yí i jáde kọjá ìyípo méjì àtààbọ̀ kó tó dún geere, pilot jet rẹ, jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń dún jẹ́jẹ́, tóbi jù.

Wáyà-ò-jóná: Ẹ má gbàgbé iná o. Iná tí kò lágbára náà máa ń sọ púlọ́ọ̀gì di dúdú. Tú fìlà púlọ́ọ̀gì kúrò lórí wáyà, kó o wọ̀n ọ́n: èyí tó bá ní resistor (ohun tó ń dín agbára iná kù) nínú sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 5,000 ohm. Gé orí wáyà tó ti dípẹtà sẹ́yìn díẹ̀ kó o tó dá a padà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ abẹ́rẹ́ float wò, kò ní ìlà kankan. Fìlà wọn 5,000. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì ń yọ̀ ni, kì í gbẹ, òórùn rẹ̀ ò sì jọ ti pẹtiróòlù. Èéfín funfun náà ń rú gùdù, kì í lọ bí ẹ́ńjìnnì bá tiẹ̀ ti gbóná.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì: Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Da epo gíá jáde sínú ife tó ní ìwọ̀n, kó o fi wé iye tó o rọ sí i.

Olùbéèrè: Ó dín, ẹ̀gbọ́n. Ó dín dáadáa, kò sì sí ibi tó ń jò síta.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì: Ibi tó ń lọ nìyẹn. Síìlì kíráǹkì, rọ́bà tó ń dí etí ọ̀pá kíráǹkì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ló ti bàjẹ́. Bí pisítìn bá gòkè, ilé kíráǹkì á fà mọ́ra, kó lè fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé láti kábúrétọ̀. Bí ètè síìlì bá ti gan, epo gíá náà á bá wọn wọlé. Pààrọ̀ rẹ̀, kó o sì pààrọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kejì pọ̀ mọ́ ọn. Ti ẹ̀gbẹ́ kejì ló léwu jù lójú tèmi, torí afẹ́fẹ́ lásán ló máa ń fà wọlé: púlọ́ọ̀gì á funfun, ooru á pọ̀ jù, pisítìn á sì há. Fi gíríìsì pa ètè síìlì tuntun kó o tó tì í wọlé, má jẹ́ kó ká sínú.

Olùbéèrè: Mo ti tú u. Ètè síìlì náà ti le, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti ya. Méjèèjì ni mo pààrọ̀. Láàárọ̀ yìí, kò gbà mí lásìkò kó tó dún, èéfín sì ti fúyẹ́. Ẹ kú làálàá o. Báwo ni kí n ṣe di púlọ́ọ̀gì tuntun mọ́lẹ̀ tí kò fi ní já ojú rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì: A bá ọ yọ̀ o! Ọwọ́ ni kó o fi yí i títí yóò fi jókòó, kó o wá fi sípánà fi ìdajì ìyípo kún un. Tó bá jẹ́ èyí tó ti jókòó síbẹ̀ rí lò ń dá padà, díẹ̀ péré ti tó, torí wáṣà rẹ̀ ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. Rí i pé ẹ́ńjìnnì ti tutù o.