Ṣé ó burú kí ọmọ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó béèrè (kò fẹ́ ká dárúkọ òun):
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣàánú mi, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Inú ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní. Ààwẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa, a máa ń gba ọlọ́jọ́ 21 ní oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ 40 ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, a kì í dárúkọ ẹ̀. Lọ́dún yìí ni ọkàn mi ń fà sí i. Àdúrà mi ti di ọkọ̀, ilé, ọ̀tá, kí iná jó wọn. Ó rẹ̀ mí. Mo kàn fẹ́ dákẹ́ níwájú Ọlọ́run.

Oníbàárà mi kan ní Gbági, ọmọ ìjọ Àgùdà, ló mú mi lọ gba eérú ní Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Fadá fi àtàǹpàkò fa àgbélébùú sí mi níwájú orí, ó ní kí n rántí pé erùpẹ̀ ni mí. Mo sunkún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èmi náà á kú.

Mi ò nù ún, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sí ìsọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti dé etí pásítọ̀. Nígbà tó di Sunday, ó dúró lórí pẹpẹ, ó ní àwọn kan ń kó àṣà Róòmù wọ inú ìjọ. Ó ka Mátíù 6, pé kí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bọ́jú ẹ̀. Gbogbo ojú yí sí mi. Léèsì tuntun tí mi ò tíì san owó ẹ̀ tán ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà o! Ẹgbẹ́ obìnrin ò dáhùn ìkíni mi mọ́. Ìyá kan tí mo máa ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́ láti Ìwó Ròòdù, ọkọ̀ elòmíràn ló wọ̀ délé. Ṣé kí n dá Lẹ́ńtì yìí dúró ni?

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ́:
Fi ìjọ náà sílẹ̀! Èmi náà gé irun mi nígbà tí mo bímọ, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ kọrin nínú kúáyà mọ́. Mo kó ẹrù mi, mi ò wẹ̀yìn. Ìjọ pọ̀ n'Ìbàdàn.

Bùọ̀dá Mọ́níyà:
Níbo ni Lẹ́ńtì wà nínú Bíbélì? Ẹ fi hàn mí.

Alàgbà, Òkè-Bọ́lá:
Ọmọ mi, Lẹ́ńtì kì í ṣe ti Àgùdà nìkan. Àwa Áńgílíkà ń gbà á, ọ̀pọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà ń gbà á. Hinderer àtìyàwó ẹ̀ tí wọ́n wá gbé ní Kúdẹtì lọ́dún 1853, CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ló rán wọn. Ẹ má sọ pé àṣà àjèjì ni nílùú yìí. Bùọ̀dá, níbo ni ọlọ́jọ́ 21 ti oṣù kìíní wà?

Bùọ̀dá Mọ́níyà:
Dáníẹ́lì 10, bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Alàgbà, Òkè-Bọ́lá:
Ka ẹsẹ kẹta. Dáníẹ́lì ò jẹ ẹran, kò sì mu wáìnì.

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ́:
Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti sìstá, ẹ̀yin ọkùnrin. Sìstá, ẹ kúrò níbẹ̀.

Àǹtí Òkè-Pádrè:
Ẹ pẹ̀lẹ́, sìstá. Eérú yẹn, imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n yà sí mímọ́ ní Sunday Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá ni wọ́n máa ń sun. Lọ́dọ̀ wa, Ọjọ́rú Eérú àti Gúd Fúráìdè nìkan ni ààwẹ̀ jẹ́ dandan, fún ẹni ọdún 18 sí 59: oúnjẹ kan tó yó èèyàn, pẹ̀lú ìpanu méjì tí wọn ò ní tó o ní àpapọ̀. Àwa tá a ti pé ọdún 14 kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì. Ohun yòówù kéèyàn tún fi sílẹ̀, òun àti Ọlọ́run ẹ̀ ni. Kí lẹ fi sílẹ̀ gan-an?

Ẹni tó béèrè:
Ẹran, pẹ̀lú fíìmù orí fóònù. Owó ẹran, inú kóló ni mò ń jù ú sí fún àwọn tí ò rówó oògùn san ní ilé ìwòsàn UCH. Láti Ọjọ́rú yẹn, ẹran ò wọ ìkòkò ilé wa, ẹja náà ò wọ̀ ọ́. Ilá àti ẹ̀fọ́ lásán là ń jẹ.

Àǹtí Òkè-Pádrè:
«Là ń jẹ» kẹ̀? Ẹ̀yin àti ta ni?

Ẹni tó béèrè:
Èmi, àwọn ọmọ, àti pásítọ̀.

Bùọ̀dá Mọ́níyà:
Pásítọ̀ wo?

Ẹni tó béèrè:
Ọkọ mi ni.

Ìyá Ìbejì, Apẹ̀tẹ́:
Hàà! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Ẹ má kúrò níbì kankan. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látàárọ̀?

Bùọ̀dá Mọ́níyà:
Ẹ gba ààwẹ̀ fún ọkọ láìsọ fún un! Ó yẹ kó bínú.

Ẹni tó béèrè:
Mo fẹ́ kí ẹ dá ẹjọ́ náà bí ẹjọ́ ọmọ ìjọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe dá a. Gáàsì ti wọ́n, mi ò lè máa gbé ìkòkò méjì kaná. Ó jẹ ọbẹ̀ yẹn lálaalẹ́, kò bi mí ní nǹkan kan. Inú yàrá kan náà la jọ ń sùn. Kò lè sọ ọ́ níbẹ̀, àfi kó fi gbohùngbohùn sọ ọ́ níṣojú ẹgbẹ́ obìnrin tí èmi ń darí? Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran.

Alàgbà, Òkè-Bọ́lá:
Ó yẹ kó dùn yín. Ohun tó ṣe kò dáa, mo sì jẹ́ ọkùnrin. Ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe sọ fún wa yìí, pàápàá ti àdúrà tó rẹ̀ yín. Bóyá òun náà ti rẹ̀. Ẹ ka Jóẹ́lì 2 pọ̀, «ẹ fa àyà yín ya, kì í ṣe aṣọ yín». Kó sì máa jẹ ẹran tiẹ̀.

Àǹtí Òkè-Pádrè:
Ẹ sì gbọ́, Sunday kò sí nínú 40 ọjọ́ náà. Láti Ọjọ́rú Eérú títí di Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ọjọ́ 46 ni. Yọ Sunday mẹ́fà kúrò. Ẹ lè se ọbẹ̀ ẹlẹ́ran lọ́jọ́ náà, kí ẹ jọ jẹ ẹ́.

Ẹni tó béèrè:
Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi. Mi ò ní dá a dúró o, kóló náà ò sì ní kúrò níbi tó wà. Ṣùgbọ́n màá ra ẹran lọ́la Sátidé, màá bá a sọ̀rọ̀ kó tó múra ìwàásù. Àǹtí, aago mélòó lẹ ń ṣe àdúrà Ọ̀nà Àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì?

Àǹtí Òkè-Pádrè:
Ẹ wá bá mi nínú ínbọ́ọ̀sì.