Èròjà kọ́ o, ẹ̀yà ni: lórí orúkọ àwọn nǹkan tó wà lára bàálù àfọwọ́tò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo bi yín níjẹta pé kí la lè máa pe àwọn nǹkan tí wọ́n tò pọ̀ di bàálù, tóyìnbó ń pè ní component, lédè Yorùbá. Mo ti ka gbogbo èsì yín, ẹ ṣeun. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń to bàálù kékeré fúnra ẹ̀ nínú gáréèjì ilé ẹ̀, wọ́n kó o wá fún un nínú páálí ńláńlá, ó wá ku kó yan ẹ́ńjìnnì àtàwọn nǹkan mí-ìn tí ò bá páálí wá. Ìyá ẹ̀ wà níbí ní Ogbómọ̀ṣọ́, wọn ò gbọ́ òyìnbó, ọmọ yẹn á pè wọ́n lórí fóònù á ní component báyìí, component báyẹn, wọ́n á ní kí n wá túmọ̀ ẹ̀. Ìdí tí mo fi bèèrè nìyẹn. Àwọn mẹ́ta nínú yín ní èròjà, ẹnìkan ní ohun èlò, alàgbà wa láti Ọ̀yọ́ ní ká kúkú máa pè é ní páàtì bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń pè é, ká lọ sùn.

Mi ò gba èròjà. Èròjà ni iyọ̀, ata, irú. Tí wọ́n bá ti wọ inú ọbẹ̀ wọ́n ti di ọbẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa ní kí o ṣa iyọ̀ yẹn padà fún òun. Bàálù ò rí bẹ́ẹ̀, tí o bá fi sípánà tú bọ́ọ̀tì, apá á bọ́ sílẹ̀, á ṣì jẹ́ apá, wàá tún gbé e padà síbi tó wà. Ohun tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà là ń pè é. Ohun èlò ní tiẹ̀, sípánà fúnra ẹ̀ nìyẹn, àti dírílì. Àmọ́ mi ò ní ká ju èròjà nù o, gọ́ọ̀mù oníméjì yẹn tí wọ́n ń pò pọ̀ kó tó le, àti ọ̀dà, àwọn gan-an lèròjà, torí tí o bá ti pò ó tó sì ti gbẹ, ó parí. Páàtì ńkọ́? Mi ò bínú sí i, ṣùgbọ́n létí tiwa níbí páàtì ni ohun tí wọ́n ń rà nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Mo dán an wò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Kò tíì fò, ó ti bàjẹ́?"

Ẹnìkan ní ẹ̀yà á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀yà Yorùbá, ẹ̀yà Haúsá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbọ́ ẹ̀yà bàálù tó máa rò pé bàálù ní ìlú tó ti wá?

Lórí orúkọ bàálù náà fúnra ẹ̀, àtòpọ̀ tí ẹ pè é ò burú, àmọ́ ó dà bíi tábìlì oníke tí èèyàn ń to ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹni tó ń tò ó gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ fúnra ẹ̀, àwọn tó ń ṣe é máa ń pè é ní òfin ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Torí ọwọ́ yẹn ni mo ṣe ní àfọwọ́tò.

Ó wá kan nǹkan tó wà nínú apá, tóyìnbó ń pè ní spar. Igi tàbí irin kan ló gùn láti ìdí apá dé ṣóńṣó ẹ̀, òun ló ń ru ẹrù, àwọn tó dà bí egungun ìhà nínú ẹ̀ kàn ń fún apá ní ìrísí ni. Ẹnìkan ní ọ̀pá ẹ̀yìn apá. Háà! Ẹ̀yìn ń bẹ níbẹ̀, apá ń bẹ níbẹ̀, ara ta ló rí báyẹn? Ẹ wo ilé àwọn bàbá wa, òpómúléró wà ńbẹ̀, òpó tó mú ilé ró. Tí òpó bá lè mú ilé ró, ó lè mú apá ró, òpómápáró. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan péré, wọn ò bèèrè ìtumọ̀, ohun tí wọ́n bèèrè ni pé ṣé ikán ò ní jẹ ẹ́. Ìbéèrè gidi ni o, torí àwọn bàálù kan wà tí igi ni òpómápáró wọn lóòótọ́, omi tó ń rin igi yẹn ló ń ba àwọn tó ni wọ́n lẹ́rù. Ti ọmọ wa, alumíníọ̀mù ni.

Ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ẹ̀rọ ti di orúkọ gbogbo nǹkan. Méjì ló ń yàn nínú wọn: Rotax 912 tí wọ́n ń ṣe ní Austria, àti Continental O-200 ti Amẹ́ríkà. Irú Rotax tó fẹ́ rà, agbára ẹṣin 100 ni, Continental náà 100, ṣùgbọ́n àyè inú sílíńdà ti Rotax ò ju lítà 1.35 lọ, tìkejì tó 3.3. Báwo ni kékeré ṣe wá bá àgbà dọ́gba? Eré ni. Rotax lè yí dé ìgbà 5,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìkejì ò kọjá 2,750. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fọkàn wo ẹ́ńjìnnì ìlọta ńlá tó ń lọ kọ́-kọ́-kọ́, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń ké fííí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Pọ̀rọ̀pẹ́là, nǹkan tó ń yí níwájú bàálù, ò sì lè bá eré jẹnẹrétọ̀ yẹn lọ, ariwo lásán ló máa máa pa, ìdí nìyẹn tí Rotax fi ní gíà tó ń dín eré kù níwájú. Rotax fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń mu pẹtiróòlù mọ́tò. Èmi ì bá yan òun.

Pọ̀rọ̀pẹ́là yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ní abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ni níbi téèyàn jókòó sí ni, èyí ń fa odindi bàálù lọ síwájú. Àwọn ọmọ Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fò, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ tiwọn rí i pé apá bàálù ni, kìkì pé ó ń yí. Ni mo bá dá apáyí, inú mi dùn débi pé mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láìfàmì sí i, ẹnìkan dáhùn pé, "Apá yìí wo?" Alàgbà wa ní àjẹ̀, tí wọ́n fi ń tukọ̀ lójú omi. Ìtumọ̀ ẹ̀ bá a mu ju tèmi lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló ń fàmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Ẹ wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi láìlámì pé ọmọ wọn ti ra ajẹ tuntun síwájú nǹkan tó ń fò. Ẹ fi pọ̀rọ̀pẹ́là sílẹ̀ jàre.

Pitch tó wà lára ẹ̀, ìyẹn bí apá pọ̀rọ̀pẹ́là náà ṣe dagun tó, ló yẹ ká fún lórúkọ, torí òun ni ọmọ náà máa fi sípánà tò kó tó gbéra. Ẹ wo ẹni tó ń bẹ iṣu. Tó bá fi ọ̀bẹ lélẹ̀ pẹlẹbẹ, èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bọ́, ọwọ́ ń yá. Tó bá tẹ ẹnu ọ̀bẹ wọlé, ó ń gé iṣu mọ́ èèpo, ọwọ́ ń wúwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni: èyí tó kéré á jẹ́ kó tètè gòkè, èyí tó pọ̀ á jẹ́ kó sáré tó bá ti dókè, ṣùgbọ́n á fìyà jẹ ẹ́ nílẹ̀. Mo pè é ní ìtẹ̀sí.

Ẹni tó kọ ọ́ pé kí ló kan Ogbómọ̀ṣọ́ kan bàálù, mo rẹ́rìn-ín. Bowen, òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó dé ìlú wa ní 1855, gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ, Smithsonian, ilé ìmọ̀ ńlá kan ní Washington, ló tẹ̀ ẹ́ ní 1858. Smithsonian yìí kan náà ni Langley, òyìnbó kan tóun náà ń gbìyànjú láti ṣe bàálù, ń darí nígbà tí bàálù ẹ̀ já sínú odò Potomac lẹ́ẹ̀mejì ní 1903, ẹlẹ́ẹ̀kejì ní 8 December, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré káwọn ọmọ Wright tó fò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa ti débẹ̀ ṣáájú bàálù.

Àwọn kékeré tó kù: bàálù tí táyà kékeré ẹ̀ wà níwájú bíi ti kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹlẹ́sẹ̀-Màrúwà, èyí tí tiẹ̀ wà nídìí, afìrùwọ́lẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo àwọn kan, awọ ni mo pè é, torí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná fà á le bí onílù ṣe ń sá awọ sóòrùn, tí o bá fìka ta á, á dún.

Rìfẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tí wọ́n fi ń so páànù mọ́ páànù, nìkan ló kù. Mo ní ìṣó olórí-méjì, torí tí wọ́n bá ti lù ú tán, orí á wà lẹ́yìn, orí á wà níwájú. Àwọn tó ń nà bọ́dì mọ́tò ní Tákíè kàn wò mí ni. Ẹni tó bá súnmọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ní Ọ̀yọ́, ẹ bá mi bèèrè ohun táwọn ń pè é, kí ẹ sì fàmì sí i tí ẹ bá ń kọ ọ́ wá.