Báwo la ṣe lè mọ irú ẹni tí oníbàárà ka olùdámọ̀ràn sí?

Akọ́ṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. À ń ṣètò bí a ó ṣe máa bi àwọn oníbàárà léèrè nípa ìwà àwọn olùdámọ̀ràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ (àwọn tó ń jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń dà á lọ́kàn rú) àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló ta kókó.

Èkíní, bí a bá béèrè, gbogbo wọn á ní ó dára, máàkì á ga, àwọn kan á sì dáwọ́ wíwá dúró láìsọ ìdí. Èkejì, olùdámọ̀ràn tí oníbàárà kan pè ní onísùúrù, òmíràn á ní kò yọ̀ mọ́ni. Ta la ó gbà gbọ́? Ẹ̀kẹta, ẹnìkan dábàá pé ká fún àwọn olùdámọ̀ràn fúnra wọn ní ìdánwò ìwà, èyí tó pín ìwà ẹ̀dá sọ́nà márùn-ún, ká fi mọ ẹni tí iṣẹ́ yìí yẹ. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́? Fọ́ọ̀mù wo lẹ sì lè júwe fún wa?

Adíwọ̀n

Fọ́ọ̀mù ni n ó kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà ń wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọ̀kan ń wọ̀n kọ́ ni òmíràn ń wọ̀n.

Bó bá jẹ́ irú ẹni tí olùdámọ̀ràn jẹ́ lójú oníbàárà lẹ fẹ́ mọ̀, Counselor Rating Form ni kẹ́ ẹ wò. Stanley Strong ló fi ìpìlẹ̀ èrò náà lélẹ̀ ní 1968: ó ní ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olùdámọ̀ràn wọ oníbàárà létí, pé kó mọṣẹ́, kó ṣeé fẹ́ràn, kó sì ṣeé fọkàn tán. Barak àti LaCrosse sọ ọ́ di fọ́ọ̀mù oní-ọ̀rọ̀ 36 ní 1975; Corrigan àti Schmidt gé e kù sí ọ̀rọ̀ 12 ní 1983, mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta yẹn. Oníbàárà á fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 7. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti fẹ́ràn olùdámọ̀ràn á kàn fi 7 sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀yàyà á wá bo àìmọṣẹ́ mọ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí gbogbo máàkì rẹ̀ bá jọra bẹ́ẹ̀ kò lè sọ fún yín ìwà wo ló pọ̀ àti èyí tó kù.

Bó bá jẹ́ bí olùdámọ̀ràn ṣe ń bá oníbàárà lò ni, kò sí èyí tó jinlẹ̀ tó Barrett-Lennard Relationship Inventory (1962). Ohun mẹ́rin ló ń béèrè: bí olùdámọ̀ràn ṣe ka oníbàárà sí tó, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yé e dénú, bóyá kíkà tó kà á sí ń yẹ̀ bí oníbàárà bá sọ ohun tí kò bójú mu, àti bóyá ohun tó wà nínú olùdámọ̀ràn náà ló wà lójú rẹ̀. Ẹ̀dà tó wọ́pọ̀ ní gbólóhùn 64, 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti -3 dé +3, kò sì sí òdo níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sá sáàárín. Ẹ ṣọ́ra o: ìdajì gbólóhùn wọ̀nyẹn ló jẹ́ òdì. Bí ẹni tó ń ṣírò bá gbàgbé láti yí àmì wọn padà, ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ ni máàkì rẹ̀ máa kọ́kọ́ dàrú. Fọ́ọ̀mù yìí gùn jù fún gbogbo ìjókòó. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín ìjókòó kẹta sí ìkarùn-ún, kẹ́ ẹ sì tún un lò nígbà tí iṣẹ́ bá ti jìnnà.

Èyí tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́ ni Session Rating Scale. Ìlà mẹ́rin ni, sẹ̀ǹtímítà 10 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ń béèrè bóyá oníbàárà rí i pé wọ́n gbọ́ òun, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún òun. Èkejì, bóyá ohun tí òun fẹ́ sọ la sọ. Ẹ̀kẹta, bóyá ọ̀nà ìṣiṣẹ́ náà bá òun mu. Ẹ̀kẹrin, bí ìjókòó náà ṣe rí lápapọ̀. Oníbàárà á fàmì sórí ìlà, ẹ ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ ó sì rò ó pọ̀ lórí 40. Èyí tí kò bá tó 36, ẹ bá a sọ ọ́ kó tó dìde. Ohun kékeré kan wà tó máa ń ba ìwọ̀n jẹ́: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a máa fún ìwé pọ̀. Bí ìlà yín bá jáde ní sẹ̀ǹtímítà 9.5, máàkì tó pé kò ní ju 38 lọ, ẹ ó sì máa wá ẹ̀bi tí kò sí. Ẹ wọn ìlà náà kẹ́ ẹ tó pín ìwé.

Working Alliance Inventory oní-gbólóhùn 12 náà dára, àmọ́ ìfohùnṣọ̀kan lórí iṣẹ́ ló ń wọ̀n jù (àfojúsùn, ohun tí a jọ ń ṣe, ìdè tó wà láàárín wa). Ẹ má pè é ní fọ́ọ̀mù ìwà.

Ìyá Ìbejì

Ti máàkì gíga ni tèmi. Kì í ṣe irọ́ ni àwọn oníbàárà ń pa. Àpọ́nlé ni. David Rennie jẹ́ kí àwọn oníbàárà gbọ́ téèpù ìjókòó tiwọn padà, ó sì ní kí wọ́n sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn nígbà yẹn. Àbọ̀ tó jẹ́ ní 1994 fi hàn pé wọ́n ń gbé ẹjọ́ mì: olùdámọ̀ràn tí ń sọ ohun tí kò kàn wọ́n, wọ́n ṣì ń mi orí. Wọn ò fẹ́ dójú tì í, wọ́n rò pé ó ṣáà mọ ohun tó ń ṣe, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ojú rẹ̀ á yí padà sí wọn.

Nítorí náà, 40 lórí 40 ní ìjókòó àkọ́kọ́ kì í ṣe ìyìn. Ẹ kà á sí pé ẹni náà kò tíì lè bá yín wí. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Kí olùdámọ̀ràn ṣàlàyé fọ́ọ̀mù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó àkọ́kọ́, kó má ṣe dúró di ìparí. Ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí: "N ó máa fún yín ní ìwé yìí kẹ́ ẹ tó lọ. Máàkì tó bá lọ sílẹ̀ ló ń ràn mí lọ́wọ́ jù, torí òun ló ń sọ ohun tó yẹ kí n yí padà." Kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ níparí. Bí oníbàárà bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́, kí olùdámọ̀ràn gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bó bá sì ti parí, kó wo máàkì náà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbà tí wọ́n sọ sínú àpò ìwé ń kọ́ oníbàárà pé ojú ayé lásán ni.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè ẹnu, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. "Ṣé ẹ gbádùn ìjókòó òní?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún un. Ìṣe ni kẹ́ ẹ béèrè, ẹ má béèrè irú ẹni tí ẹ jẹ́: "Nígbà tí mo dákẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín nípa bàbá yín, kí lẹ rò pé mò ń rò?" "Ibo ni mo ti já ọ̀rọ̀ gbà yín lẹ́nu lónìí?" "Bó bá jẹ́ ohun kan la máa dín kù, kí ni?" Bí ìdáhùn bá ta olùdámọ̀ràn lára, kó dúpẹ́, kó má gbèjà ara rẹ̀, kó béèrè àpẹẹrẹ kan péré, kó sì yí nǹkan kan padà ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e. Kó sọ ọ́ jáde pé òun yí i padà. Bí kò bá sọ, oníbàárà lè má rí i.

Ẹ tún máa wo àmì tí kì í ṣe máàkì. Jeremy Safran àti Christopher Muran pín ìjá àjọṣe (ìgbà tí àárín oníbàárà àti olùdámọ̀ràn kò gún mọ́) sí oríṣi méjì. Èyí tí oníbàárà ń bínú síta rọrùn láti rí. Èyí tó ń fà sẹ́yìn ló ń lọ láìsí ariwo: ìdáhùn á kúrú, "bẹ́ẹ̀ ni" á pọ̀, yóò máa pẹ́ dé, yóò máa fi ìtàn ẹlòmíràn dípò tirẹ̀. Olùdámọ̀ràn á sì máa rò pé ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ ni.

Àti pé, àwọn tó lọ kì í kọ fọ́ọ̀mù ìparí. Bó bá jẹ́ ìparí nìkan lẹ ń béèrè, àwọn tó fẹ́ràn yín nìkan lẹ ń gbọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́nÒru

Lórí onísùúrù àti kò-yọ̀-mọ́ni: méjèèjì lẹ ó gbà gbọ́. Nínú máàkì kọ̀ọ̀kan, nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra: bí oníbàárà yẹn ṣe máa ń ka gbogbo èèyàn sí, bí olùdámọ̀ràn yẹn ṣe ń rí lójú gbogbo oníbàárà, àti ohun tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì nìkan. Fọ́ọ̀mù kan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fi oníbàárà wé ara rẹ̀ láti ìjókòó kan dé òmíràn; bó ti ń fún yín ní 38 tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí 34, nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn tí ẹ bá kó máàkì oníbàárà bíi mẹ́wàá jọ sórí olùdámọ̀ràn kan lẹ tó lè máa sọ̀rọ̀ nípa òun fúnra rẹ̀. Èèyàn méjì kéré jù láti fi dájọ́.

Àròpọ̀ yẹn kì í ṣe eré o. Baldwin, Wampold àti Imel ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ lórí oníbàárà 331 àti olùdámọ̀ràn 80 ní 2007. Ìyàtọ̀ láàárín olùdámọ̀ràn kan àti èkejì ló bá àbájáde rìn: ẹni tí àwọn oníbàárà rẹ̀ lápapọ̀ gbà pé àjọṣe àwọn dán mọ́rán, àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ara wọn yá jù. Ìyàtọ̀ láàárín àwọn oníbàárà olùdámọ̀ràn kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Àmọ́ ká má sọ ọ́ di àsọdùn. Nígbà tí Flückiger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 295 pọ̀ ní 2018, ìbátan àjọṣe àti àbájáde jẹ́ 0.28, ìyẹn bí ìdá 8 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín àbájáde. Kò kéré nínú iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀.

Kí ló ń jẹ́ kí ojú méjì rí ẹnì kan lọ́nà méjì? Ọ̀kan ni ohun tí wọ́n ti gbọ́ kí wọ́n tó wọlé. Harold Kelley dán èyí wò ní 1950: ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kékeré nípa olùkọ́ àlejò kan, ìwé àwọn kan pè é ní ọlọ́yàyà, ìwé àwọn yòókù ní kò lọ́yàyà. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló yàtọ̀. Kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn jókòó sí, síbẹ̀ máàkì tí wọ́n fún un yàtọ̀ síra. Nítorí náà, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹni tó ń gba àlejò ń sọ nípa olùdámọ̀ràn, àti ohun tí ẹni tó darí oníbàárà wá sọ. "Ó mọṣẹ́, àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín o" ti kọ ìdajì fọ́ọ̀mù náà tán.

Èkejì ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù ìdájọ́ máa ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìbínú. Ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ níbòmíràn á kà á sí àyè. Kí olùdámọ̀ràn sọ ìdí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ìjókòó àkọ́kọ́, wàhálà á dín kù. Ìwé kíkọ náà ńkọ́? Bó bá ń kọ ọ́ ní kété tí oníbàárà sunkún, ẹ̀rí ni wọ́n rò pé ó ń kó jọ. Kí ó gbé bírò sílẹ̀ nígbà yẹn.

Carl Rogers ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1957 nígbà tó ka ipò mẹ́fà tí ìyípadà nílò: ẹ̀kẹfà ni pé kí oníbàárà fúnra rẹ̀ rí i, ó kéré tán díẹ̀, pé olùdámọ̀ràn gba òun bí òun ṣe wà, ọ̀rọ̀ òun sì yé e. Èyí tó bá wà nínú yín tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò tíì sí nínú ìtọ́jú náà.

Akọ́ṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Ìdánwò ìwà ló kù. Bákan náà, bí oníbàárà bá ní ẹni tó máa sọ ohun tí òun ó ṣe lòún fẹ́, ṣé kí olùdámọ̀ràn yí ọ̀nà rẹ̀ padà ni?

Adíwọ̀n

Ẹ má náwó sí ìdánwò yẹn. Ohun tí olùdámọ̀ràn rò nípa ara rẹ̀ ni yóò kọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wá iṣẹ́ tí yóò kọ pé òun kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò olùdámọ̀ràn 25 pẹ̀lú oníbàárà 1,141 ní 2009. Ìwé tí wọ́n fi wọn ara wọn lórí bí wọ́n ṣe mọ èèyàn bá lò kò sọ ẹni tí ara àwọn oníbàárà rẹ̀ máa yá. Ohun tó sọ ọ́ ni ìdánwò míràn: wọ́n fi fídíò oníbàárà tó ṣòro hàn wọ́n, ọ̀kan ń bínú, ọ̀kan kò fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé ẹni náà wà níwájú wọn. Wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, àwọn mìíràn sì fún un ní máàkì lórí ọ̀yàyà, ìfọ̀rọ̀-yéni, ìrètí tó ń fúnni àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà lè ṣe é: àwọn òṣèré, fídíò kéékèèké, kí èèyàn méjì máa fún un ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìyá Ìbejì

Lórí yíyí ọ̀nà padà: ẹ kọ́kọ́ béèrè dáadáa. Fọ́ọ̀mù Cooper àti Norcross (2016) wà fún un, ìbéèrè 18 ni: ṣé kí olùdámọ̀ràn darí, àbí kí oníbàárà darí, ṣé ká wọ inú ẹ̀dùn ọkàn, àbí ká rọra, ṣé àná ni ká sọ, àbí òní, ṣé ìtùnú ni, àbí ìpèníjà. Ìjókòó àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lò ó. Ibi tó bá ti lọ sí ìparí ìlà nìkan ni kẹ́ ẹ jíròrò. Àárín túmọ̀ sí pé èyíkéyìí ló tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àmọ́ ohun tó fẹ́ lè má jẹ́ ohun tó máa gbà. Ẹni tó ń bèèrè àṣẹ tó sì ń kọ gbogbo àṣẹ tí ẹ bá pa, ìwádìí Larry Beutler ti fi hàn pé ìdarí díẹ̀ ló ń ṣe irú wọn lóore. Ẹ fún un ní ọ̀nà méjì kó yan ọ̀kan. Olùdámọ̀ràn tí ìwà rẹ̀ jẹ́jẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe bí ọ̀gá ológun nítorí fọ́ọ̀mù. Oníbàárà á mọ̀ pé ó ń ṣeré. Kó lo ètò: kí a kọ ohun tí a ó ṣe lónìí sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, kí a parí pẹ̀lú iṣẹ́ ilé kan tó ṣe kedere. Ìdarí nìyẹn, láìgbé ohùn sókè.

Ọ̀jọ̀gbọ́nÒru

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń ṣe é lórí fídíò. Bí olùdámọ̀ràn bá ń wo ojú oníbàárà lórí ẹ̀rọ, oníbàárà ń rí i bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n ojú, kẹ́ ẹ fa àwòrán oníbàárà lọ sí abẹ́ kámẹ́rà gan-an, kẹ́ ẹ sì sún sẹ́yìn títí ọwọ́ yín á fi hàn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, ẹ sọ fún un. Títẹ bọ́tìnnì láìsọ ni wọ́n máa ń kọ sínú fọ́ọ̀mù pé "ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀".