Báwo ni mo ṣe máa rí rékọ́ọ̀dù ọlọ́pàá mi gbà ní Texas àti Maryland kí n tó kọ N-400?

ÌyáTèmi_Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni oorun ò ti kun ojú mi. Mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù N-400 kí n di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà níbí. Lótìrì ni mo fi wọlé ní 2013, ó yẹ kí n ti kọ ọ́ tipẹ́, ẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ń jẹ́ kí n máa sún un síwájú.

Ní 2014 wọ́n mú mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Houston níbí. Èmi àti ọmọ mi la jọ lọ, mo kó ọjà sí kẹ̀kẹ́ ọmọ, mo sanwó ìyókù, mo gbàgbé aṣọ ọmọ kan tó wà nísàlẹ̀, bí mo ṣe jáde lẹ́nu ọ̀nà báyìí ni wọ́n dá mi dúró, wọ́n pe ọlọ́pàá. Mo sùn sí jéèlì mọ́jú ọjọ́ kejì, wọ́n tẹ ìka mi, wọ́n ya fọ́tò mi, ọkọ mi ló wá gbà mí sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, lọ́yà tí kóòtù fún mi ní kí n máa lọ sílé, pé kò sí nǹkan kan lórúkọ mi mọ́. Mi ò béèrè ìwé kankan, mo kàn sá jáde níbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà mo gbé Maryland fún ọdún méjì, tíkẹ́ẹ̀tì pé mo wakọ̀ sáré jù ni mo gbà níbẹ̀, mo sì sanwó ẹ̀.

Ibo gan-an ni màá lọ? Ṣé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni, àbí kóòtù, àbí FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀? Àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n má dárúkọ ẹ̀ rárá, pé ẹjọ́ tí wọ́n bá ti dà nù ti di ohun ìgbàgbé. Wẹ́bùsáìtì kan náà ní òun á bá mi wá gbogbo rékọ́ọ̀dù mi tí mo bá ń sanwó fún òun lóṣooṣù. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

BàbáÌbejì_Katy

Ìyá Tèmi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná: ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn àǹtí yẹn, mo bẹ̀ yín. Fọ́ọ̀mù yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ pé kéèyàn sọ ọ́, kódà bí adájọ́ tàbí ọlọ́pàá tàbí lọ́yà bá sọ fún un pé kò ní rékọ́ọ̀dù mọ́. Wọ́n á ní kí ẹ wá tẹ̀ka, ìka yẹn á lọ sọ́dọ̀ FBI, ìka tí wọ́n tẹ̀ ní 2014 á sì jáde. Ẹjọ́ aṣọ ọmọ tí wọ́n ti dà nù, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé pé wọn ò mú yín rí láyé, irọ́ níwájú ìjọba nìyẹn, òun ló lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ó wá ku ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Ohun tí kì í yé àwọn èèyàn wa ni pé rékọ́ọ̀dù ò sí lójú kan. Ọlọ́pàá tó mú yín ní ìwé tiẹ̀, kóòtù ní tiẹ̀, ìpínlẹ̀ Texas ní tiẹ̀ lọ́dọ̀ DPS (iléeṣẹ́ ààbò ìpínlẹ̀) ní Austin, FBI náà sì ní tiẹ̀, ohun tí ìpínlẹ̀ bá fi ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n sì máa ń ní. Tí kóòtù ò bá sọ fún DPS pé ẹjọ́ ti parí, DPS ò ní mọ̀, FBI náà ò ní mọ̀, ẹ̀sùn yẹn á kàn wà níbẹ̀ láìlórí láìnídìí bíi pé ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ pé kóòtù ni kéèyàn kọ́kọ́ lọ, ìwé tiwọn ló ń fi hàn bí ẹjọ́ ṣe parí.

Ní Harris County, káńtì tí Houston wà, ọ̀dọ̀ District Clerk (akọ̀wé kóòtù) ni fáìlì yín máa wà, àwọn ló ń tọ́jú ẹjọ́ felony (ọ̀ràn ńlá) àti misdemeanor (ọ̀ràn kékeré) Class A àti Class B. Tó bá jẹ́ Class C, èyí tó kéré jù, ni, kóòtù Justice of the Peace tàbí kóòtù ìlú Houston ni kẹ́ ẹ lọ, ṣùgbọ́n ti yín tó jẹ́ pé ẹ sùn ní jéèlì, màá kọ́kọ́ wo ti District Clerk. Ẹ lè wá a lórí wẹ́bùsáìtì wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní ìwé kankan látìgbà yẹn, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní SPN, wọ́n máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ ọ̀daràn ní káńtì yẹn, ó dáa ju orúkọ lọ.

Orúkọ yìí gan-an ni wàhálà àwa Yorùbá. Nígbà tí mo ń wá tèmi, mo tẹ orúkọ mi títí, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Inú mi ti ń dùn. Ìyàwó mi ló ní kí n fi orúkọ àkọ́kọ́ ṣe orúkọ ìdílé, bó ṣe yọjú nìyẹn, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti yí i padà, ó tún ti yọ lẹ́tà kan kúrò nínú ẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ lóríṣiríṣi, orúkọ ilé ọkọ, orúkọ ilé bàbá yín, pẹ̀lú Olú àti láìsí Olú, kẹ́ ẹ tó gbà pé kò sí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ìwé tó sọ bí ẹjọ́ ṣe parí, tí wọ́n ń pè ní disposition, ni kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ jáde lórí kọ̀ǹpútà nílé kì í ṣe certified copy o. Ẹ gba ìwé ẹ̀sùn náà mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì_Bowie

Ẹ ṣeun bàbá wa. Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Maryland, ibí ni mo wà, mo sì ti tẹ̀ka fún ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àìmọye ìgbà.

Ẹ lọ sórí Maryland Judiciary Case Search, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ yín, tíkẹ́ẹ̀tì ìwakọ̀ náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé owó nìkan lẹ san, tí wọn ò mú yín, tí ọtí tàbí oògùn olóró ò sí nínú ẹ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú yín, ẹ ṣáà tọ́jú rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rékọ́ọ̀dù gbogbo ìpínlẹ̀, CJIS, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rékọ́ọ̀dù ọ̀daràn Maryland, ní Reisterstown Road ní Baltimore ló ń ṣe ìyẹn, ìka lẹ máa tẹ̀, orúkọ nìkan ò tó.

Ìka àti orúkọ, ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn o. Àbúrò mi kan, iléeṣẹ́ kan fẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n fi orúkọ wá a, wọ́n rí ẹlòmíì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ọ̀ràn onítọ̀hún ni wọ́n gbé lé e lórí. Ìgbà tó tẹ̀ka ló tó bọ́. Wọ́n tún pè é pé kó má bínú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti lọ.

ÌyáTèmi_Houston

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Omijé ti ń bọ́ lójú mi níbi tí mo ti ń kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: lọ́yà kan ní òun lè bá mi pa rékọ́ọ̀dù yẹn rẹ́ pátápátá. Ṣé kí n ṣe ìyẹn kí n tó kọ N-400?

ỌmọÌjẹ̀bú_Dallas

Ẹ kú alẹ́ mà. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ń ṣiṣẹ́, èmi kì í ṣe lọ́yà fúnra mi o, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń rí irú èyí.

Ẹ dúró ná mà! Ẹ má tíì pa á rẹ́. Ní Texas tí wọ́n bá ṣe expunction, ìyẹn pípa rékọ́ọ̀dù rẹ́, wọ́n máa ń ba ìwé yẹn jẹ́ ni tàbí kí wọ́n kó o padà, tẹ́ ẹ bá wá padà lọ bá akọ̀wé kóòtù pé ẹ fẹ́ disposition, kò ní rí nǹkan kan fún yín. USCIS, iléeṣẹ́ ìmígírésọ̀n tó ń gba N-400, ṣì máa béèrè, torí ìpínlẹ̀ ló pa tiẹ̀ rẹ́, àwọn kì í ṣe ìpínlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gba certified copy mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, lẹ́yìn náà tó bá wù yín kẹ́ ẹ pa á rẹ́ nítorí iṣẹ́ tàbí ilé rírẹ́ǹtì, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń sọ pé wọ́n da ẹjọ́ nù, tá a bá ka ìwé ẹ̀, a máa rí i pé deferred adjudication ni, ìyẹn ni pé ẹni náà ní òun jẹ̀bi, adájọ́ wá ní kó máa jábọ̀ fún àkókò kan, tó parí ẹ̀ ni wọ́n tó da ẹjọ́ nù. Lábẹ́ òfin Texas wọn ò ka ìyẹn sí ìdálẹ́bi. Lábẹ́ òfin ìmígírésọ̀n, ìdálẹ́bi ni. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti gba ìwé yẹn, kẹ́ ẹ tó fi N-400 sílẹ̀, ẹ gbé e fún lọ́yà ìmígírésọ̀n, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́yà ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan, kó ka gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Ti DPS, ẹ wọ wẹ́bùsáìtì wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń wo rékọ́ọ̀dù ara ẹni, wọ́n á darí yín sí IdentoGO, iléeṣẹ́ tó ń bá wọn tẹ àwọn èèyàn níka, láti tẹ̀ka. Ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ wá èèyàn náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi àti ẹni tó gba deferred nìkan ló ń yọ níbẹ̀, tó bá jẹ́ pé wọ́n da ti yín nù lóòótọ́ ẹ ò ní rí i, ẹ lè wá rò pé kò sí níbì kankan. Ti FBI, Identity History Summary ló ń jẹ́, 18 dọ́là ni, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá lọ tẹ̀ka ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tó bá ń ṣe é (gbogbo wọn kọ́ ló ń ṣe é), tàbí kẹ́ ẹ fi káàdì ìtẹ̀ka ránṣẹ́ sí Clarksburg ní West Virginia. Tí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀, ẹ lè ta kò ó, wọn ò gbowó fún ìyẹn.

Wẹ́bùsáìtì tó ń gbowó oṣooṣù yẹn, ẹ sá fún un. Ohun tí wọ́n ṣà jọ ni wọ́n ń tà, kò sí ọ́fíìsà ìmígírésọ̀n tó máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Àlàbí_Brooklyn

Kí n kàn sọ fún àwọn tó ń ka èyí tí wọn ò sí ní Texas, kálukú ìpínlẹ̀ ló ní bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. New York níbí, kóòtù ń gba 95 dọ́là láti fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá ẹjọ́ yín ní gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ rékọ́ọ̀dù tiyín lẹ fẹ́ rí, DCJS, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń tọ́jú rékọ́ọ̀dù ọ̀daràn, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí kẹ́ ẹ tẹ̀ka. California, Live Scan (ìtẹ̀ka orí ẹ̀rọ) ni, DOJ (iléeṣẹ́ ìdájọ́) wọn ń gba 25 dọ́là, ẹni tó tẹ̀ yín níka á gba tiẹ̀ lọ́tọ̀. Georgia, ẹ lè bá sẹ́ríìfù tàbí ọlọ́pàá àdúgbò yín, wọ́n á wò ó fún yín láti GCIC, ibi tí rékọ́ọ̀dù ọ̀daràn ìpínlẹ̀ wà.

ÌyáTèmi_Houston

Mo ti lọ sí ilé ẹjọ́ tó wà ní òpópónà Franklin ní Houston lánàá. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo wọlé, ibi tí mo ti sá jáde nìyẹn láti 2014. Bàbá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, wọ́n ti yí orúkọ mi padà, abẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ mi ni wọ́n ti rí i. Obìnrin tó dá mi lóhùn ṣe sùúrù fún mi gan-an. Dismissed ló wà níbẹ̀, mi ò sì sọ pé mo jẹ̀bi níbì kankan nínú ìwé yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mọ́tò. Mo gba certified copy mẹ́rin. Ọjọ́ Tuesday ni mo máa lọ tẹ̀ka fún DPS, lọ́yà ìmígírésọ̀n ti ní kí n wá ní Friday. Màá padà wá sọ bó bá ṣe lọ.